Ojú Tó Ní Filler àti X-ray Eyín: Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa

Filler ni èròjà tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ ojú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè kún, kí ètè lè nípọn, tàbí kí ìlà tó ti ẹ̀gbẹ́ imú wá sí igun ẹnu lè rọlẹ̀. Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí láti Ìlọrin àti gúúsù Kwara ló ń béèrè ohun tí filler ń dá sílẹ̀ nígbà tí dókítà eyín bá fẹ́ ya ẹnu ní X-ray. Èyí tó máa wúlò fún ọ̀pọ̀ èèyàn la mú síbí.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Eyín tó kẹ́yìn pátápátá lápá òsì ló ń dùn mí, ni wọ́n bá ní kí n ya OPG, X-ray tó ń yí orí po yẹn. Dókítà rí nǹkan funfun wẹ́wẹ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì. Ó ní ó lè jẹ́ òkúta ló wà ní ọ̀nà itọ́, kí n lọ ya CT, X-ray tó ń ya inú ara ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Mi ò sọ fún un pé mo gún filler ní Àbújá lọ́dún tó kọjá. Ṣé òun ló rí ni? Aláṣọ, Tanke, Ìlọrin.

Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ òun, ẹ̀gbọ́n wa, ṣùgbọ́n irú èyí tí wọ́n gún fún yín ló máa sọ ọ́.

Filler tí X-ray máa ń rí jù ni èyí tí wọ́n fi calcium hydroxylapatite ṣe. Radiesse ni orúkọ rẹ̀ tí àwọn èèyàn mọ̀ jù lọ́jà. Irú èròjà tó mú kí eegun àti eyín le ni, wọ́n wá ṣe é ní róbótó kéékèèké tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìdá 25 sí 45 nínú ìdá 1,000 mílímítà kan lọ, wọ́n sì pò ó mọ́ jẹ́ẹ̀lì. Tí a bá pín ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 30 ni róbótó wọ̀nyí, ìyókù jẹ́ jẹ́ẹ̀lì. Ara á fa jẹ́ẹ̀lì náà lọ láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn róbótó á ṣì wà níbẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó bá ti jọ eegun, funfun ló ń yọ lórí X-ray. Àjọ FDA tó ń ṣàkóso oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìlà ojú ní 2006, ìwé tó ń bá a wá sì sọ ọ́ gbangba pé ó máa hàn lórí CT, ó lè hàn lórí X-ray lásán, kí ẹni tó gún un sì máa jẹ́ kí dókítà rẹ̀ mọ̀.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé OPG kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tó wà lábẹ́ awọ àti ohun tó wà nínú eegun. Gbogbo rẹ̀ ló ń tẹ́ sórí ara wọn. Filler ẹ̀rẹ̀kẹ́ á gun orí gbòǹgbò eyín òkè, tàbí orí ihò afẹ́fẹ́ tó wà nínú eegun lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Èyí tí wọ́n gún sí etí àgbọ̀n á gun orí eegun àgbọ̀n, á dà bí ẹni pé eegun ibẹ̀ le ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tí kò mọ̀ pé filler wà níbẹ̀ lè pè é ní òkúta itọ́, kó pè é ní àjákù gbòǹgbò eyín, tàbí kókó ọrùn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti san tipẹ́ sọ di líle. Àwọn nǹkan tí dókítà yín ń rò yẹn bọ́gbọ́n mu pátápátá, ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìtàn yín.

Ẹ wo ara yín dáadáa kí ẹ tó padà lọ. Òkúta itọ́ máa ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí abẹ́ àgbọ̀n wú nígbà oúnjẹ, pàápàá tí ènìyàn bá jẹ ohun tó kan, á sì máa rọlẹ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Apá kan ló sábà máa ń wà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì máa ń wà lábẹ́ àgbọ̀n, kì í ṣe ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Filler kì í mọ ìgbà oúnjẹ, ó sì sábà máa ń wà lápá méjèèjì ní ibi tó bára mu, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gún un.

Ẹ fi nǹkan mẹ́rin ránṣẹ́ sí dókítà yín: orúkọ filler, ibi tí wọ́n gún un sí lójú, oṣù àti ọdún, àti iye tí wọ́n gún. Radiesse máa ń wá ní abẹ́rẹ́ 0.8 mílílítà tàbí 1.5 mílílítà, nítorí náà ẹni tó gún un fún yín yẹ kó lè sọ ọ́. Tó bá jẹ́ filler oníkálísíọ̀mù bíi Radiesse ni, tí ibi tó wà sì bá funfun orí fọ́tò mu, dókítà lè rí i pé ẹ ò nílò CT. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín bá ń wú nígbà oúnjẹ, ẹ ya á bó ti sọ. Filler kò ní kí òkúta má wà. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gbàgbé eyín tó gbé yín lọ síbẹ̀. Òun náà ṣì ń dúró de ìtọ́jú.

Èmi ni mo ń ya X-ray ní ilé ìtọ́jú eyín kan ní Ọ̀fà. Àwọn tó ti gún nǹkan sójú ń pọ̀ sí i. Kí ni kí n ṣe kí fọ́tò má ba à ṣi dókítà lọ́nà?

Orí káàdì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ẹ ti ń béèrè nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti oyún, ẹ fi èyí kún un: “Ṣé wọ́n ti gún ohunkóhun sí yín lójú, létè tàbí lágbọ̀n rí? Kí ni orúkọ rẹ̀? Ìgbà wo ni?” Ẹ má béèrè bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú. Ẹni tó gún filler á ní rárá, òótọ́ ló sì sọ.

Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n bọ́ gbogbo irin: yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn, òrùka imú, awò ojú, eyín àtọwọ́dá tó ń yọ, pínnì irun, pínnì gèlè àti ti hìjáàbù. Aṣọ hìjáàbù fúnra rẹ̀ kò dí X-ray lọ́wọ́, pínnì àti òkúta dídán ara rẹ̀ ló ń dí i. Ẹ fún obìnrin tó bá ń wọ̀ ọ́ ní yàrá tó lè ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ kó fi yọ pínnì, kó so aṣọ tí kò ní irin dípò rẹ̀. A tẹnu mọ́ èyí torí pé yẹtí kan tí ẹ bá gbàgbé sétí ọ̀tún máa ní òjìji lápá òsì, á tóbi ju yẹtí lọ, á ga jù ú lọ, á sì rí bàìbàì. Ẹ̀yìn orí ni ẹ̀rọ OPG ti ń ta ìtànṣán, ó sì ń ta á díẹ̀ sókè. Tí òjìji yẹn bá wá bọ́ sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ní filler, iṣẹ́ ẹni tó máa ka fọ́tò náà di ìlọ́po méjì.

Tí ẹ bá rí funfun tí kò yé yín, ẹ má tún OPG kan náà yà. Bó ṣe wà lákọ̀ọ́kọ́ ló máa rí, ìtànṣán nìkan lẹ fi kún ara aláìsàn. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án: ìka kan nínú ẹnu, àtàǹpàkò níta, kí ẹ rọra fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Filler tó ti dì máa ń dà bí ìrẹsì tó há sábẹ́ awọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè fi fíìmù kékeré sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín, kí ojú rẹ̀ tó ń gba ìtànṣán kọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ wá ta á láti ìta. Ẹ dín àkókò rẹ̀ kù sí bí ìdajì èyí tí ẹ ń lò fún eyín níbẹ̀, torí ẹran nìkan ló máa gbà kọjá. Tí ẹ bá lo iye ti eyín, fọ́tò náà á dúdú kọjá ohun tí ẹ lè rí. Nígbà tí kò sí eyín tàbí eegun láàárín, tí funfun náà sì tún yọ, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló wà. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ọ̀nà yìí kò ya filler sọ́tọ̀ kúrò lára òkúta itọ́, torí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ni ọ̀nà itọ́ gbà, ó sì ṣí sínú ẹnu ní ọ̀kánkán eyín keje lókè, tí ẹ bá kà láti àárín. Ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, kí ẹ fọwọ́ ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti iwájú etí bọ̀ síwájú. Tí itọ́ tó mọ́ bá sun jáde, ọ̀nà náà ṣí. Tí kò bá sun, tàbí tó bá jẹ́ ọyún ló tẹ̀ lé e, ẹ sọ fún dókítà kíá.

Tó bá jẹ́ pé orí gbòǹgbò eyín ni funfun náà dúró sí, ẹ ya fọ́tò eyín náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan ní ọ̀kánkán. Fún èkejì, ẹ sún orí ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú nǹkan bí digirí 20. Ohun tó bá sún tẹ̀ lé orí ẹ̀rọ, apá ahọ́n ló wà. Ohun tó bá sún sí òdìkejì, apá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló wà. Àrùn tó wà ní orí gbòǹgbò gan-an kì í kúrò lára gbòǹgbò náà nínú fọ́tò méjèèjì.

Tí ẹ bá ń kọ ohun tí ẹ rí, ẹ kọ pé funfun wà nínú ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì bá ìtàn filler tí aláìsàn sọ mu. Ẹ má kọ “filler” lásán. Ẹni tó bá kà á lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní wádìí mọ́.

Ọmọ mi obìnrin gún filler sí ìlà ẹ̀gbẹ́ imú ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ó di ọjọ́ kẹta tí apá ọ̀tún ti wú dé abẹ́ ojú. Ẹni tó gún un ní filler ló ń bínú, kí a ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́míìsì. Ọmọ ní eyín òkè kan náà ń dun òun. Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́-Ìpo.

Màmá, a ti pè yín kí ìwé yìí tó jáde, pé kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín lọ́jọ́ náà. A tún un kọ síbí nítorí àwọn mìíràn.

Eyín ṣóńṣó tó tẹ̀ lé eyín iwájú méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lókè ní gbòǹgbò tó gùn gan-an. Tí ọyún bá ti orí gbòǹgbò yẹn já eegun, ẹ̀gbẹ́ imú ló ń jáde sí, á bo ìlà ẹ̀gbẹ́ imú mọ́lẹ̀, á wú dé abẹ́ ojú. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń gún filler sí. Ìdí nìyí tí ẹni tó gún filler fi ń di ẹ̀bi ru filler, tí dókítà tí kò gbọ́ nípa filler náà sì lè di í ru eyín. Méjèèjì lè ṣìnà.

Dókítà eyín máa fi nǹkan tútù kan eyín náà, á sì fi kan ìkejì rẹ̀ lápá òsì kó lè fi wé e. Eyín tó ti kú kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ó máa fi irin kékeré gbá a jẹ́jẹ́. Eyín tó ní ọyún nídìí á dun ọmọ gan-an. Ó máa wọn bí erìgì ṣe jìn sí yí eyín náà ká. Filler kì í pa eyín. Tí gbogbo eyín ibẹ̀ bá mọ òtútù, tí gbígbá kò dùn, tí erìgì sì le, a jẹ́ pé ó tó àkókò láti wo filler.

X-ray nìkan kò tó láti fi dájọ́ níbí, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́, eegun gbọ́dọ̀ ti pàdánù nǹkan bí ìdá 30 sí 50 nínú 100 èròjà líle rẹ̀ kí dúdú ìdí gbòǹgbò tó yọ lórí fọ́tò. Ní ọjọ́ kẹta wíwú, fọ́tò lè mọ́ tónítóní nígbà tí ọyún ti wà níbẹ̀. Ìkejì, dúdú ni àmì àrùn ìdí gbòǹgbò, funfun sì ni filler oníkálísíọ̀mù. Tí funfun bá dúró níwájú dúdú, ó lè pa á rẹ́. Fọ́tò tó dára lójú lè jẹ́ èyí tó fi àrùn pamọ́, a sì ka èyí sí ewu tó burú ju kí a pe filler ní òkúta lọ. Àṣìṣe ti òkúta á mú kí ènìyàn ná owó sí CT. Àṣìṣe yìí á fi ọyún sílẹ̀ nínú eegun.

Oògùn apakòkòrò láti kẹ́míìsì lè mú kí wíwú rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà á tún dé, torí orísun rẹ̀ wà nínú gbòǹgbò. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí eyín náà, fọ inú gbòǹgbò rẹ̀, kí wọ́n dí i, tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ má fi aṣọ gbígbóná jó o, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tú u, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó gún filler fi oògùn yọ́ ọ nígbà tí àkóràn ń jà láìjẹ́ pé dókítà ti fi oògùn bò ó.

Tí ojú bá wú pa, tí ibà bá dé, tí ẹnu kò là dáadáa, tí itọ́ gbígbé mì tàbí èémí bá nira, ẹ má dúró de àárọ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbẹ́ imú ní ọ̀nà tó lọ sẹ́yìn ojú, ó sì lè gbé àkóràn dé ìsàlẹ̀ ọpọlọ.

Filler náà lè wú lóòótọ́ lẹ́yìn oṣù púpọ̀, pàápàá lẹ́yìn ibà tàbí iṣẹ́ eyín. Èyí sábà máa ń jẹ́ kókó líle ní ibi tí wọ́n gún gan-an, nígbà mìíràn ní gbogbo ibi tí wọ́n gún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó gún mi ní ṣọ́ọ̀bù ìṣaralóge kò sọ orúkọ ohun tó gún, kò sì tọ́jú nọ́ńbà tó wà lára páálí rẹ̀. Báwo ni dókítà eyín ṣe máa mọ̀ ọ́n? Gaa-Akanbi, Ìlọrin.

Kò dára kí dókítà kàn máa fi abẹ́rẹ́ gún ojú wò láìmọ ohun tó wà níbẹ̀. Sìkáànì ló rọrùn jù, irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún, àmọ́ kí orí rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń wo ohun tó wà nítòsí awọ. Lórí rẹ̀, hyaluronic acid, èròjà tó wà nínú filler bíi Juvederm àti Restylane, máa ń yọ bí adágún omi dúdú. Oníkálísíọ̀mù máa ń funfun, pẹ̀lú òjìji dúdú lábẹ́ rẹ̀. Silikóònù olómi máa ń dà bí kùrukùru funfun tó bo gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì. X-ray eyín kì í sábà rí hyaluronic acid rárá, ṣùgbọ́n lórí CT ó jọ omi, lórí MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya inú ara, ó ń tàn bí omi, ẹni tí kò mọ̀ lè pè é ní àpò omi tàbí ọyún. Oògùn wà tó ń yọ́ ọ, hyaluronidase ni orúkọ rẹ̀; kò sí irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún silikóònù. Silikóònù kì í kúrò lára. Ara á máa dì yí i ká, kókó tó dì náà sì lè di líle bí eegun lẹ́yìn ọdún púpọ̀, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí X-ray tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí páálí rẹ̀ lójú yín. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ ya fọ́tò páálí náà àti nọ́ńbà lọ́ọ̀tì rẹ̀ sórí fóònù, kí ẹ sì béèrè bóyá ẹni tó di abẹ́rẹ́ mú ní ìforúkọsílẹ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ní òun kò lè fi páálí hàn, ẹ má jẹ́ kó gún yín.

Mi ò fẹ́ kí àwọn ẹbí ọkọ mi gbọ́ pé mo gún nǹkan sójú. Tí mo bá sọ fún dókítà eyín ńkọ́? Ìyàwó, Òmù-Àrán.

Ẹ sọ ọ́. Òfin ìlera Nàìjíríà ti 2014 sọ pé ọ̀rọ̀ aláìsàn jẹ́ àṣírí, ilé ìwòsàn kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti tú u fún ọkọ, ìyá ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n tó sin yín wá, àyàfi tí ẹ bá fọwọ́ sí i tàbí tí òfin bá pa á láṣẹ. Tí ẹnì kan bá bá yín wọlé, ẹ ní ẹ fẹ́ dá dókítà rí fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ tún lè kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kí ẹ fi lé e lọ́wọ́.

Ṣé Botox náà ń hàn lórí X-ray? Ṣé X-ray lè yọ́ filler mi? Òró.

Rárá sí méjèèjì. Botox ń mú kí iṣan ẹran dẹ̀ ni, kò kún ibì kankan, kò sì sí ohun tí X-ray máa rí níbẹ̀.

Ìgbéyàwó ọmọ mi ku oṣù méjì. Ó fẹ́ gún filler sí ètè, ó sì tún ní eyín tó ti jẹrà. Èwo ni kó kọ́kọ́ ṣe? Ìyá ìyàwó, Ìgbájà.

Eyín ni, Màmá, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kí filler tó wọ ara, àkóràn kankan kò gbọdọ̀ sí lẹ́nu, torí kòkòrò tó bá gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ibi filler lè mú kó wú. Kí dókítà ya X-ray tó bá yẹ nísinsìnyí tí ojú ṣì mọ́, kí ẹ sì gba ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́: lọ́jọ́ iwájú, fọ́tò yìí ni wọ́n máa fi mọ ohun tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù ìtànṣán rẹ̀. Ti OPG kan kò ju èyí tí ara ń gbà láti ilẹ̀ àti ojú ọ̀run láàárín ọjọ́ díẹ̀ lọ. Kí wọ́n má kàn wá yà á nítorí filler nìkan o.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dí eyín tàbí yọ ọ́, kó dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, kí ojú ọgbẹ́ sì ti san, kó tó gún filler. Lẹ́yìn filler, ó tún gbọ́dọ̀ sá fún fífọ eyín lọ́dọ̀ dókítà àti iṣẹ́ eyín tó lè dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn. Bí eyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọyún láàárín ìgbà yẹn, kó má dúró rárá. Kó kàn sọ pé filler wà létè, kí abẹ́rẹ́ ìpanilára má ba à gba inú rẹ̀ kọjá.

Ètè ló ní, nítorí náà kó má gba filler oníkálísíọ̀mù. Ó máa ń di kókó níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gún un, tí ètè, ẹ̀gbẹ́ imú tàbí erìgì bá funfun lójijì tàbí tó ní àwọ̀ adíkálà, tí ìrora rẹ̀ kọjá ti abẹ́rẹ́, tàbí tí ìríran rẹ̀ bá ń ṣú, filler ti dí iṣan ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Kó má kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó gún un, kí wọ́n fún un ní hyaluronidase lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, kí ọmọ tó jókòó sórí àga, kó béèrè bóyá oògùn yẹn wà ní ìkáwọ́ wọn lọ́jọ́ náà.